Àwo Tó Wà Lọ́wọ́ Òyìnbó Elétí

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń gba iwájú ilé mi kọjá ní Agége yìí, tí ẹ ki nǹkan bọ etí, mo máa ń wò yín. Orin ń lọ nínú etí yín, ẹlòmíràn kò gbọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ọ dé ìdajì, ẹ ó fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. N kò bá yín jà. Ó kàn ń rẹ̀ mí ni. Mo mọ ìgbà tí orin ní ìwúwo, tí a ń gbé e lọ́wọ́, tí ó sì ń jó ni lọ́wọ́. Ọwọ́ mi yìí wà lára àwọn tó ń ṣe é.

N kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sìdíkátù ìyàwó mi ló máa ń bá mi sọ ọ́, ọdún kẹta tó ti kú rèé. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan dé láti Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì béèrè ohun tí mo ti ń sá fún láti ìgbà èwe mi. Ọmọbìnrin òyìnbó kan tí a máa ń pè ní Òyìnbó Elétí ló kọ ọ́. Ó ní bàbá òun ti kú, àwọn sì ń kó gbogbo ohun tó kọ nípa orin jọ sínú ìwé kan. Bàbá náà kọ ọ́ ní orí kan pé ní ilé iṣẹ́ àwo orin kan ní Ìkẹjà, òṣìṣẹ́ kan tí kò mọ̀wé, tó ń jẹ́ Lámídì, ṣe àṣìṣe kan tó dójú ti òun. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ kù nínú àwọn tí bàbá mi mọ̀ níbẹ̀. Kí a tó tẹ ìwé yìí, ṣé bí ó ṣe rí nìyẹn?"

Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni.

Ó fi àwo kan ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà náà. Lára àpò àwo náà, bàbá rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé, "Ti Sìdí ni." Mo gbé e sórí ibùsùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni n kò fọwọ́ kàn án.

Ẹ mọ ọgbà tó ti di ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì, ìdajì ilé omi inú ọ̀rá, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ tò sí ní Ìkẹjà? Ibẹ̀ ni. Kò sí ohun tó kù níbẹ̀ tí mo lè fi hàn yín àfi ògiri. Láyé ìgbà náà, láàárọ̀, fèrè ni yóò jí gbogbo wa. Ti ilé iṣẹ́ bísíkíìtì a kọ́kọ́ ké, ti àwọn aláṣọ a tẹ̀lé e, tiwa a ké kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ há bí ti ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Láti Agége la ti ń fẹsẹ̀ rìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ kejì. Ẹni tó bá pẹ́, ìró ẹsẹ̀ àwọn ará iwájú ló máa fi mọ̀ pé òun ti pẹ́. Lónìí, n kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń gbọ́.

Kóró ike dúdú wẹ́wẹ́ ni a fi ń ṣe àwo. Iná a yọ́ ọ, á di ìṣù bí ẹ̀bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. A ó tẹ́ ìwé róbótó kan sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, a ó gbé ìṣù lé e, a ó fi ìwé kejì bo orí rẹ̀. Ẹ̀rọ a pa ẹnu dé, ooru omi gbígbóná a tú jáde, ṣíìì, àwo a sì jáde pẹ̀lú ìwé lójú méjèèjì. A kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé yẹn. Iná ló ń so òun àti àwo pọ̀. Bí o bá fẹ́ yọ ọ́, àfi kí o fọ́ àwo.

Ènìyàn méjì ló ń wà nídìí ẹ̀rọ kan. Ọ̀kan ń fi ìwé sí i, èkejì ń gbé àwo jáde tó sì ń gé etí rẹ̀. Bọ̀dá Lámídì àti èmi la jọ wà nídìí tiwa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó fi bí ọdún márùn-ún jù mí lọ, ó sì lẹ́nu. A máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ ni, lọ́sẹ̀ yìí òun ló ń fi ìwé sí i, lọ́sẹ̀ kejì èmi. Àwa méjèèjì ni kò mọ̀wé. Ìyàtọ̀ wa ni pé òun kò fi tirẹ̀ pamọ́. Èmi máa ń ká ìwé ìròyìn àná sí abíyá bí mo bá ń bọ̀ níbi iṣẹ́. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo máa ń ṣí i, kí n mi orí. Gbogbo wọn ló gbà pé mo mọ̀wé. Ọ̀gá wa gan-an gbà.

Ibẹ̀ ni Òyìnbó ti wá bá wa. Ó ga, ó gbẹ, ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti GRA, ibi tí ó háyà yàrá sí lẹ́yìn ilé òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn géètìmáànù ibẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí kò ní mọ́tò. Ìwé ìròyìn kan ní ìlú rẹ̀ ló rán an wá kó máa kọ̀wé nípa orin wa. Ọ̀gá wa gbà kó máa wọlé, kó máa gbọ́ àwo tó bá kọ́kọ́ jáde. Bó bá ń gbọ́ ọ, yóò di ojú, yóò na ọrùn, etí ọ̀tún ni yóò gbé síwájú bí adìẹ tó gbọ́ ìró àṣá. Bó ṣe di Òyìnbó Elétí nìyẹn.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wa, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ tí a jọ gbọ́. Bàbá rẹ̀ ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú kékeré kan, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà gbà á lọ́wọ́ òun. Ìka ọmọ kò yá. Ohùn rẹ̀ kò dára. Ó ní bàbá òun kò bá òun sọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán mọ́ láti ìgbà náà títí ó fi kú. Ó ní, "Etí nìkan ni Ọlọ́run fún mi. Òun ni mo fi ń jẹun."

Bọ̀dá Lámídì ní, "Ẹ dákun, ṣé wọ́n ń sanwó fún ẹni tó jókòó tó kàn ń gbọ́ orin?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ bá mi wá àyè sílẹ̀ níbẹ̀ o. Èmi náà mọ̀ ọ́n jókòó."

Ó kíyè sí i pé a máa ń kí ara wa fún gbogbo nǹkan. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Ní ọjọ́ kan tí gbogbo wa pagbo yí àwo tuntun ká tí a ń gbọ́ ọ, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ó ní, "Ẹ kú etí o!" Ilé iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Bọ̀dá Lámídì ló dá a lóhùn pé, "Kò ní di o!" Láti ọjọ́ náà, ìkíni wa nìyẹn. Bí a bá ti gbọ́ àwo tán, ẹnìkan a ní, "Ẹ kú etí," àwa yòókù a ní, "Kò ní di." N kò tíì gbọ́ ọ níbòmíràn.

Sìdí, tí kò tíì di ìyàwó mi nígbà náà, àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì máa ń kọ wákà níbi wòlímà àti ìgbéyàwó ní àdúgbò wọn ní Agége. Òyìnbó ló gbọ́ wọn ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ó sì bẹ ọ̀gá wa títí ó fi gbà kí wọ́n ṣe àwo kan, orin kan lójú kìíní, orin kan lójú kejì. Ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́dún náà. Wọ́n kọ orin kan fún un. Orúkọ rẹ̀ ni Ìyá Wa. Ìkejì jẹ́ orin tí wọ́n fi ń gba ìyàwó wọlé, ó yá, ó ní àtẹ́wọ́ nínú, orúkọ rẹ̀ sì ni Ìyàwó.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ wò ó, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, láìfi àmì sí i, bí ilé ìtẹ̀wé ṣe máa ń ṣe é. IYA WA. IYAWO. Àlàfo kékeré àti lẹ́tà ìkẹyìn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bọ̀dá Lámídì ti bi akọ̀wé ọ́fíìsì kó tó di pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé, "Èyí tó parí pẹ̀lú òrùka, ojú ìyàwó ni. Òrùka, ìyàwó. Má gbàgbé o." Kò ṣòro. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tèmi ni láti fi ìwé sí i, àwọn obìnrin náà sì wá wòran bí wọ́n ṣe ń ṣe àwo wọn. Sìdí dúró lójú fèrèsé, gèlè àwọ̀ ewé lórí rẹ̀, ó ń kọrin náà sábẹ́ ohùn bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Mo gbé ojú sókè wò ó. Mo tún wò ó. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìdì ìwé tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wà lọ́wọ́ òsì, n kò mọ̀. Gbogbo àwo náà ni mo fi òrùka sí ojú tí kò yẹ.

Òyìnbó gba èyí tó kọ́kọ́ jáde, ó gbé e lọ sílé. Ẹ rántí pé kò gbọ́ Yorùbá kọjá ìkíni. Ó ka ohun tó wà lójú àwo, ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó gbọ́ orin tó ń sunkún níbi tí wọ́n kọ Ìyàwó sí, ó sì gbọ́ àtẹ́wọ́ níbi tí wọ́n kọ Ìyá Wa sí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìlú rẹ̀ pé àwọn ènìyàn kan wà ní Áfíríkà tó ń fi omijé fa ìyàwó lọ́wọ́, tó ń fi ijó sin ìyá wọn. Ó kọ ọ́ gígùn. Wọ́n ní ohun tó dára jù tó kọ rí nìyẹn. Àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà yìn ín.

Ọjọ́ tó mú ìwé ìròyìn náà wá, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Àwọn obìnrin náà wá kó àwo wọn lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀gá wa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Òyìnbó fún wọn. Kò tíì dé ìdajì tí Sìdí fi jókòó sílẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀.

"Òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́! Ìyàwó kọ́ nìyẹn o! Ìyá wa tó kú lẹ sọ di ìyàwó! Ta lẹ fẹ́ fi í fún?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ní, "Jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ṣebí ìyàwó náà ń sunkún bó bá ń lọ ilé ọkọ? Ó kúkú fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀."

Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Ojú Òyìnbó pọ́n. Ó gbé àwo kan, ó yí i sókè yí i sílẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. Ìwé ni mo gbọ́, n kò gbọ́ orin." Ó bẹ ọ̀gá wa pé kó má ṣe ìbínú sí ẹnikẹ́ni. Ó padà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan náà pé òun ti ṣìnà, ó sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìdá ara rẹ̀ láre. Mo ti bá àwọn tó mọ̀wé jù ú lọ pàdé látìgbà náà. N kò tíì rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá wa ní tirẹ̀ dúró kí Òyìnbó lọ. Ó wá sídìí ẹ̀rọ wa. Ó wò mí, ó wo ìwé ìròyìn tó wà lábíyá mi. Ó wo Bọ̀dá Lámídì. Ó ní, "Lámídì, ìwọ tí o kò mọ̀wé, ta ní ní kí o máa fọwọ́ kan ìwé àwo?"

Bọ̀dá Lámídì wo ojú mi. Èmi wo bàtà mi. Kò sọ̀rọ̀. Èmi náà kò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lé e. Ọ̀gá sọ fún Òyìnbó pé Lámídì ló ṣe àṣìṣe náà.

Wọ́n fọ́ gbogbo àwo náà, wọ́n dà á padà sínú iná. Kóró kò wọlú dáadáa mọ́ nígbà náà, kásẹ́ẹ̀tì ti gba ìgboro, wọn kò ṣe òmíràn fún wọn. Kò pẹ́ tí fèrè wa kò ké mọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ Òyìnbó nìkan ló ṣẹ́ kù.

Mo fẹ́ Sìdí. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó ra pẹ́ńsùlù àti ìwé kan sílé, kò sọ ti ta ni. Ó kàn gbé e sórí tábìlì. Mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, àwọn tó wà ní kíláàsì ń pè mí ní bàbá nígbà tí n kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ láyé mi, Òyìnbó ni mo kọ ọ́ sí. Ó ti padà sílùú rẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń dá mi lóhùn. Ó máa ń sọ orin tó gbọ́, ó máa ń bú àwọn tí kò mọ orin í kọ, nígbẹ̀yìn ó ń sọ pé etí ọ̀tún òun ti ń di. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló máa ń parí bákan náà: "Bá mi kí Sìdí. Ẹ kú etí." N kò sọ fún un rí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo ní bébà, mo ní bírò, mo sì mọ̀ ọ́n kọ.

Ilé ìtẹ̀wé kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́ báyìí, ìwé ara ìgò oògùn la ń tẹ̀. Èmi ni mo ń ka gbogbo rẹ̀ kó tó jáde. Mo máa ń kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rín.

Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Agége, ni Bọ̀dá Lámídì lọ nígbà tí wọ́n lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹran rírù, ó wá ní tábìlì tirẹ̀. Mo gbọ́. N kò lọ síbẹ̀ rí. Sìdí ló ń ra ẹran ilé wa. Láti ìgbà tó ti kú, ẹja ni mo ń jẹ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo gbé àwo náà, mo mú lẹ́tà, mo lọ.

Ó ti tóbi, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó rí mi lókèèrè, kò dá ọ̀bẹ dúró.

"Àbúrò," ó ní, "ẹja ti wọ́n ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Àwọn alápatà dúró wò mí. Mo ní, "Bọ̀dá, èmi ni mo fi ìwé àwo yẹn sí i."

"Dìde, aṣọ rẹ ń bà jẹ́. Ṣé mi ò sí níbẹ̀ ni? Ṣebí èmi ni mo ń gbé e jáde."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀ nígbà náà?"

"Ta ló máa gbà mí gbọ́? Ìwọ lo ní ìwé ìròyìn lábíyá." Ó nu ọ̀bẹ. "Mo fẹ́ padà wá ní ọ̀la rẹ̀, kí n wá fa aṣọ rẹ ya lójú ọ̀gá. Sìdí ló wá bá mi nílé láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó kúnlẹ̀. Ó ní òun rí ọwọ́ rẹ láti ojú fèrèsé, pé ojú òun lo ń wò. Ó ní òun mọ̀ pé o kò mọ̀wé, pé o ti dorí ìwé ìròyìn yẹn kodò lójú òun rí. Ó ní kí n jọ̀wọ́ rẹ fún òun, pé òun máa fẹ́ ọ, òun sì máa fi ọ́ sílé ìwé."

Ó gé eegun kan sí méjì.

"Gbogbo ẹran tí ẹ jẹ nílé yín, orí tábìlì yìí ló ti kúrò. Ó máa ń sọ fún mi ibi tí o kàwé dé. Ọjọ́ tí o kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, mo fi ẹ̀dọ̀ ṣe èènì."

Mo rántí ẹ̀dọ̀ náà. Mo bi Sìdí léèrè nígbà náà, ó ní alápatà náà kàn jẹ́ ènìyàn rere ni.

Mo ka lẹ́tà náà sí i létí. Nígbà tí mo ka orúkọ rẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kọ òótọ́ sí wọn. Mo ní ọmọ-ọmọ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kà." Ó bọ́ aṣọ ẹ̀jẹ̀ lára, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin kó wá dúró ti tábìlì, ó mú mi lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn ọjà. Giramafóònù kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó fi aṣọ wé e. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti lò ó kẹ́yìn. Ó fi ìka nu abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Mo yọ àwo. Ojú tó ní òrùka ló wà lókè. A gbé e sí i. Ó kọ́kọ́ dún bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan, lẹ́yìn náà ni Sìdí bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré ju bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń bi í pé ta ni yóò máa pe òun ní ọmọ mọ́. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ gbè é, ó wá dá a kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bọ̀dá Lámídì di ojú, ó na ọrùn, ó gbé etí ọ̀tún síwájú.

Nígbà tó tán, ó ní, "Ẹ kú etí o."

Mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, mo ní, "Kò ní di."

Mo kọ èsì lẹ́tà náà níbẹ̀, lórí itan mi. Kò gùn. Mo ní Lámídì kọ́, èmi ni, kí wọ́n kọ orúkọ mi síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé n kò mọ̀wé nígbà náà, pé mo ń díbọ́n ni.

Bọ̀dá Lámídì na ọwọ́ sí bírò. "Mú àwo yẹn wá kí n fi òrùka yẹn síbi tó yẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ṣìnà."

Mo gbé àwo náà mọ́ àyà. Mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyàwó mi ló sì ń kọrin.